Ìbéèrè Màmá Ràdíátù Fáwọn Ará Kvitskar

Ká tó sọ ti ayọ̀, ká kọ́kọ́ sọ ti ìwà agọ̀ Màmá Ràdíátù, torí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fò ó. Ó rí àwòrán obìnrin tó jẹ́ olórí ìjọba ìbílẹ̀ Kvitskar, ní Norway, tòun ti ẹ̀wọ̀n wúrà lọ́rùn, ló bá gbà pé ọba ni. Bí Fàthíà ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣe íntáfíù iṣẹ́ ẹnjiníà pẹ̀lú wọn lórí kọ̀ǹpútà, nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Wedding, ní Berlin, Màmá kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

"Kábíyèsí o. Adé á pẹ́ lórí, bàtà á pẹ́ lẹ́sẹ̀."

Orúnkún wá kọ̀, kò lè dìde. Ìdí ńlá tó fi bímọ méje ló kún ojú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń wá ohun tó máa dì mú.

Ọdún méjì ni Fàthíà ti ń wá irú iṣẹ́ yìí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ṣùgbọ́n olórí náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Fàthíà túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní òun kì í ṣe ọba, ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn ló fi òun jẹ. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n pa pọ̀ di Kvitskar: méjì wà létí omi níhìn-ín, ìkẹta wà lódìkejì, òkè gíga sì há omi náà sáàárín.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Màmá, etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí. "Bi í wò, apá ibo ni ilé ìgbìmọ̀ wà?"

Fàthíà túmọ̀ rẹ̀ tìtìjú-tìtìjú. Wọ́n ní apá ibi tí ìlú méjì wà ni.

"Tí ìjì bá dá ọkọ̀ ojú omi dúró, ta làwọn ará ọ̀hún ń fẹjọ́ sùn? Aboyún wọn ńkọ́?"

Fàthíà túmọ̀ ìyẹn náà. Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀, ará òdìkejì, fọwọ́ gbá tábìlì. "Ọgbọ̀n ọdún la ti ń bèèrè ìyẹn."

Fàthíà rí àyè wọlé. Ó fa àwòrán èbúté kan tó ti yà jáde, èyí tó wà lódìkejì níbi tí òkè ti ń dí ìjì kọ́kọ̀ lè gúnlẹ̀, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Màmá ti padà sọ́dọ̀ Wàhábì, bàbá Fàthíà, ní Osdorfer Born ní Hamburg, nígbà tí fóònù dún.

"Màmá, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́. Ìgbìmọ̀ sì ti dìbò lórí èbúté yẹn, gbogbo wọn ló nawọ́ sókè."

Màmá jó láti kíṣìnì dé báńkóní.

"Màmá, ará ìsàlẹ̀ máa pe Hausmeister tó ń bójú tó ilé," ni Wàhábì wí.

"Kó pè é. Kóun náà wá bá mi gbé ìdí."

Fàthíà ṣì wà lórí fóònù. "Màmá, ó kù díẹ̀ o. Àwọn ará òdìkejì ní ọkọ̀ tó máa kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí èbúté náà, ẹ̀yin ni kó gbé wá. Kí ni kí n sọ fún wọn?"