Ẹlẹ́rìn-ín ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Obìnrin

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rín pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí wọ́n bá ń ṣàwàdà ní yàrá ìjẹun, yóò kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá burú ni ẹ̀rín tirẹ̀ máa ń dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú wọn lọ wo òkú, gbogbo wọn pa lọ́lọ́, òun nìkan ló bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí olùkọ́ wọn kéde pé ọ̀kan nínú wọn ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ó fi ìwé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn rò pé ẹkún ló ń sun, títí ohùn fi jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, eyín ọmọdé ò tíì ká tán lẹ́nu rẹ̀. Ilé kún fún ẹkún, ó dúró láàárín àwọn àgbà, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ẹni tó padà tọ́ ọ dàgbà, fà á wọ yàrá, ó sì fọ́ ọ létí.

"Ìyá ẹ kú, ò ń rẹ́rìn-ín? Ṣé orí ẹ pé?"

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Nígbà tí ẹnì kan ṣe é lójú wọn, ìfọ́tí ló gbà.

Ọdún kejì tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Wọ́ọ̀dù gígùn ni, bẹ́ẹ̀dì kọjú sí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì kun ìdajì gíláàsì fèrèsé ní ọ̀dà funfun kí ará ìta má bàa máa yọjú wòlé. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń fọwọ́ ni aránṣọ kan wà. Obìnrin gíga ni, ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ó sì mọ àṣẹ pa, nítorí pé àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá á kún odidi kíláàsì kan. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló gún un ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Ó fẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Aránṣọ wo ni abẹ́rẹ́ kì í gún? Ṣùgbọ́n ó ní àtọ̀gbẹ tí kò kà sí. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Ọwọ́ wú, àtàǹpàkò sì dúdú bí èédú.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í fọwọ́ kan aláìsàn láì kọ́kọ́ kí i. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò lè sọ ọ̀rọ̀ kíkorò láì fi oyin kùn ún lára.

"Mà, a máa yọ díẹ̀ kúrò," ló sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin aránṣọ náà dúró níbẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín sì wà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àwo báńdéèjì dání.

"Díẹ̀ níbo?" ni aránṣọ bi í.

"Níbi tó ti bàjẹ́, mà."

"Dókítà, èmi náà máa ń gé nǹkan. Ibo gan-an lẹ fẹ́ gé?"

Dókítà wúkọ́. "Àtàǹpàkò. Àti ìka tó tẹ̀ lé e."

Lójijì ni ẹ̀rín bú jáde ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bí omi ẹ̀rọ tí ọwọ́ rẹ̀ já. Àwo ń gbọ̀n lọ́wọ́ ọmọ náà, àwọn irin inú rẹ̀ ń ró wọnjanwọnjan.

Ọmọbìnrin aránṣọ yíjú sí i. "Ọmọ ta lèyí? Wọ́n ní àwọn fẹ́ gé ọwọ́ ìyá mi, ò ń rẹ́rìn-ín?" Bí kì í bá ṣe pé Mátíróònù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, tètè fa akẹ́kọ̀ọ́ náà jáde, ọ̀rọ̀ ì bá di ti ìlùkulù.

Ní ọ́fíìsì, Mátíróònù jókòó, kò ní kí ó jókòó.

"Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn pa ẹ́ lẹ́rìn-ín ni?"

"Rárá mà."

"Kí ló wá pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí nǹkan kan mà."

"Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láìsí nǹkan kan, wọ́ọ̀dù tirẹ̀ wà lẹ́yìn ilé níbẹ̀ yẹn, lọ́dọ̀ àwọn tí orí wọn dàrú. Kì í sì í ṣe bíi nọ́ọ̀sì ni yóò lọ síbẹ̀."

Wọ́n ní kó lọ máa ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní yàrá aṣọ, kó sì máa lọ rí Olùdámọ̀ràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan tó ń lo yàrá tóóró ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé ni Olùdámọ̀ràn yìí, gbígbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò bi í pé kí ló dé tó rẹ́rìn-ín.

"Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibo lo ti máa ń gbọ́ ọ lára?" ló bi í.

"Abẹ́ egungun àyà mà. Bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ súkè."

"Kí lo máa ń rò nígbà yẹn?"

"Mi ò kì í ro nǹkan kan. Ó máa ń dà bí pé èmi kọ́ ni mo wà níbẹ̀."

Olùdámọ̀ràn sọ fún un pé orí rẹ̀ kò dàrú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ara rẹ̀ ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rù náà yóò gbà jáde, ẹ̀rín ló sì bá pàdé láti kékeré. Ó kọ́ ọ pé bó bá ti ń bọ̀, kó tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, kó máa mí síta díẹ̀díẹ̀, kó sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún ara rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà. Ọmọ náà ń dán an wò láàárín àwọn aṣọ funfun, níbi tí kò ti sí nǹkan kan tó lè dẹ́rù bà á.

Wọ́n gé ìka méjèèjì. Nígbà tí ara aránṣọ balẹ̀ díẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ pe akẹ́kọ̀ọ́ tó rẹ́rìn-ín wá. Mátíróònù rò pé èébú ló fẹ́ bú u, ó sì mú un wá fúnra rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú," ni Ẹlẹ́rìn-ín sọ kó tó dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. "Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fi rẹ́rìn-ín."

"Mo mọ̀. Mo wò ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ẹ dà bí ojú ewúrẹ́ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà ẹ́, àbí kò bà ẹ́?"

"Ó bà mí, mà."

"Èmi náà, ó bà mí. Ọmọ mi ní á dáa. Dókítà ní á dáa. Ẹni tó ń nulẹ̀ gan-an ní á dáa. Ìwọ nìkan ni o ò tíì parọ́ fún mi níbí. Bí dókítà bá ń bọ̀, dúró síbi tí mo ti máa rí ẹ."

Mátíróònù ní kò sí irú ẹ̀ rí. Aránṣọ ní kò burú, kò sẹ́ni tó máa tú báńdéèjì òun mọ́. Títí di ọ̀sán, ó gbé ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ ìbora. Mátíróònù gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Dókítà yóò tú ọwọ́ náà wò, yóò ní, "Ó ń gbìyànjú." Aránṣọ ò ní wo dókítà, ojú akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa wò. Bí ojú yẹn bá dákẹ́, yóò mí kanlẹ̀. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí wọ́n fẹ́ yọ òkúta nínú òróǹro rẹ̀, bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yá a?" Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, àfi Ẹlẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n tú báńdéèjì, òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Dúdú yẹn ti gun ẹ̀yìn ọwọ́. Dókítà wò ó títí. "A óò tún fọ̀ ọ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, mà. Lẹ́yìn náà a ó wo bó ṣe rí."

Ẹlẹ́rìn-ín gbọ́ ọ lábẹ́ egungun àyà, ó ń bọ̀. Ó tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń mí síta. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, ọwọ́ yìí ti kú. Ẹ̀rín náà gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó dúró níbẹ̀, ó sì padà. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ojú rẹ̀ dákẹ́ bí ògiri.

Aránṣọ wo ojú náà, ó sinmi lé ìrọ̀rí. "Kò burú, dókítà. Ẹ fọ̀ ọ́."

Kí dókítà tó rìn jìnnà, aránṣọ ti ń pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé kó má gbé aṣọ ìyàwó tí òun rán dàjì sílẹ̀ fún aránṣọ mìíràn, òun ń bọ̀ wá parí rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ń fọ àwo irin, ó ń gbọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ti ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ti parọ́ fún obìnrin náà láì la ẹnu.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó sáré bá dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Dókítà, màmá yẹn rò pé ọwọ́ àwọn ń san."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Ẹ ò sọ pé kò san náà, sà. Ṣé ọwọ́ yẹn máa dúró?"

Dókítà wo ilẹ̀. "Rárá. Láti ọrùn ọwọ́ ni. Mo fẹ́ kí wọ́n sùn dáadáa lónìí kí wọ́n tó gbọ́ ni." Nígbà tó rí i pé ọmọ náà ò kúrò níwájú òun, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Jẹ́ ká padà."

Ó fa àga, ó jókòó ti aránṣọ. "Mà, ẹ rí i, nígbà míì, ara máa ń..." Ọ̀rọ̀ náà tún ń rìn yí ká. Ó yíjú wo akẹ́kọ̀ọ́, bíi pé òun dókítà gan-an ni aláìsàn.

"Mà," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, "wọ́n máa gé e láti ọrùn ọwọ́."

Aránṣọ wo ojú rẹ̀. "O ò rẹ́rìn-ín."

"Ó fẹ́ wá láàárọ̀, mo dá a dúró. Ẹ má bínú, mà."

"O dá a dúró." Aránṣọ tún un sọ bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò lẹ́nu. Ó kọjú sógiri, ẹkún sì gbà á. Ẹkún gidi ni, pẹ̀lú ohùn, irú èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Ẹlẹ́rìn-ín ò mọ ibi tó yẹ kó fi ọwọ́ sí. Ó gbé e sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó sì dúró. Dókítà náà ò dìde, bẹ́ẹ̀ ó máa ń yára lọ tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, ibi tí wọ́n gé sì jinná. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, aránṣọ ò bá Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀. Ó ju kọ́ọ̀pù mọ́ nọ́ọ̀sì kan, ó sì lé ọmọ rẹ̀ jáde nígbà tí ìyẹn ní á dáa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, ó pe akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó ní, "Àárọ̀ yẹn dùn mí. Ọ̀sán yẹn, o ṣeun." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílé, ọmọ rẹ̀ ló ń gé aṣọ báyìí, òun jókòó tì í, ó ń pàṣẹ. Ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí a ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Ìlà náà ń wọ́, ó ń nù ún, ó ń tún un fà. Lọ́jọ́ míì, ó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò ní fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Wọ́n júwe ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ti gé lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ fún un. Ó lọ, ó ní ẹjọ́ wọn pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ẹlẹ́rìn-ín parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó pàdé aránṣọ lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá àwọn alátọ̀gbẹ. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé o ṣì ń rẹ́rìn-ín?" ni aránṣọ bi í.

"Nígbà míì, mà. Lóṣù tó kọjá, ọmọ kékeré kan kú lọ́wọ́ wa. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ó fi tán, mo sì padà wọlé lọ bá ìyá rẹ̀."

"Èmi náà máa ń sunkún. Ó sábà máa ń jẹ́ ìgbà tí mo bá ń de bọ́tìnnì." Aránṣọ na ẹsẹ̀, ó ká a padà. "Dókítà wo ló wà nínú ibẹ̀ lónìí?"

"Dókítà yín àtijọ́ kọ́ o. Obìnrin ni."

"Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ tààrà?"

"Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n, mà."

Wọ́n pe nọ́ńbà rẹ̀. Aránṣọ fi ọwọ́ òsì gbé báàgì rẹ̀, ó dìde, ó sì wọlé lọ bi í.