Bọ́tìnnì Inú Tẹ́ńpìlì

Bí àwọn awalẹ̀pìtàn bá péjọ síbi àpérò, wọn kì í gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ara wọn ni wọ́n máa ń gbẹ́. Ìyá Àpáàdì mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi wọ kóòtù tó nípọn lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù gbọ̀ngàn náà tutù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tún tutù jù ú lọ.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un ní kóòtù náà nígbà tó fẹ̀yìn tì. Bọ́tìnnì idẹ ló wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, àfi ti ìsàlẹ̀ pátápátá tó jẹ́ ike dúdú, tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu rárá.

Òkè kékeré kan ló gbé e wá. Ó ti ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn òkè náà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, àpáàdì tó ń kó jọ níbẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ máa kéde ẹni tí wọ́n fún ní gbogbo òkè náà láti gbẹ́. Òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ló ń du ú. Baba Ètùtù ni wọ́n ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n náà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó hú rí tí kì í ṣe ti ètùtù. Bó bá rí ọlọ, ètùtù ni. Bó bá rí kòtò ìdalẹ̀nù, ojúbọ ni. Ká ní ó hú ìgbálẹ̀, á ní olórí àwòrò ló fi ń gbá ọ̀nà ọ̀run.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó síbí," ni Eléegun wí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń yẹ eegun ẹran àtijọ́ wò. "Mo ti fi báàgì gba àyè fún yín. Bàbá yín ló kàn, lẹ́yìn ẹ̀ ló kan ẹ̀yin."

"Ta ni bàbá mi? Ẹnu ẹ ò ní pa ẹ́."

"Ẹ ṣáà gbàdúrà kó ṣẹ́ àkókò kù fún yín."

Kò ṣẹ́ ẹ kù. Alága ìjókòó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Baba Ètùtù tẹ́lẹ̀. Páálí tí wọ́n kọ "Àkókò ti tó" sí wà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni, ó wá ń fi í fẹ́ ara rẹ̀. Baba Ètùtù lo àkókò tirẹ̀ tán, ó fa ti Ìyá Àpáàdì mọ́ra, ó ń jẹ ẹ́ lọ.

"Ẹ wo tẹ́ńpìlì!" Àwòrán ńlá kan yọ lójú ògiri: ilẹ̀ pupa, tí ilẹ̀ àdàlú onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀. "Etí ẹ̀ tọ́ bí okùn. Ihò òpó mímọ́ wà ní igun kọ̀ọ̀kan. Inú ẹ̀ rọ̀ bí ìyẹ̀fun, ẹsẹ̀ àwọn olùjọsìn ló tẹ̀ ẹ́ rọ̀."

Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kì í mú ilẹ̀ rọ̀. Líle ló ń mú un le.

Ìyá Àpáàdì na ọrùn. Bí èèyàn bá fẹ́ gbẹ́ kòtò iṣẹ́, á kan èèkàn mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á ta okùn yí wọn ká, á sì máa gbẹ́ ẹ lọ ní etí okùn, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè tọ́. Bó bá parí, á da ilẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í padà bó ṣe jáde: pupa á dà pọ̀ mọ́ dúdú, á sì rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí àbùlẹ̀ lára aṣọ.

"Kòtò wa nìyẹn," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi àti ọ̀gá mi la gbẹ́ ẹ, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó wà nínú ìwé tí ọ̀gá kọ."

"Ọkùnrin yìí ò sì kà á?"

"Ìwé tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́? Ìgbà wo ló ń kà á?"

"Nísàlẹ̀ pátápátá," ni Baba Ètùtù ń wí, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n, "ohun tí wọ́n fi bọ ilẹ̀ rèé!" Ohun róbótó kan gba ojú ògiri, ìpẹtà ti sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. "Ihò mẹ́rin: igun mẹ́rin ayé! Ẹ wo fọ́nrán tó kù nínú ọ̀kan: irun olórí àwòrò!"

Gbogbo gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ wọn. Kí wọ́n tó da ilẹ̀ padà sí kòtò, wọ́n á ju ohun ayé òde òní kan sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé àwọn kan ti débẹ̀ rí. Ìdérí ìgò ni àwọn mìíràn ń lò. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ọ̀gá rẹ̀ wá inú àpò títí, kò rí nǹkan kan, ló bá já bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ kóòtù rẹ̀ tòwú-tòwú.

"Ó mà ṣe o, Ìyá, àkókò ti lọ," ni alága wí. "Ìbéèrè kan péré ni mo lè gbà lọ́wọ́ yín."

"Ọ̀kan náà tó."

Ìyá Àpáàdì rìn lọ síwájú, ó dúró ti àwòrán náà, ó sì di kóòtù rẹ̀ ní bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi kan ike dúdú. Ihò mẹ́rin. Ihò mẹ́rin. Ihò mẹ́rin. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú bí òjò orí páànù.

"Ìyá, ìbéèrè yín dà?"

"Ṣé kí n kàn gba bọ́tìnnì mi ni, sà, àbí kí n kọ́kọ́ rúbọ?"

Ojú kò ti Baba Ètùtù. Ó dúró kí ariwo lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ sin nǹkan ara ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹni tí kò tíì dé, kí la ń pe ìyẹn? Ètùtù náà kọ́?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Màmá àgbà tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ bọ́ awò ojú, ó nu omi ẹ̀rín. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní ẹni tí kò dá kòtò àná mọ̀, àwọn ò lè fi ti ẹgbẹ̀rún ọdún lé e lọ́wọ́. Ìyá Àpáàdì ni wọ́n fún ní òkè. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó kọ nípa àpáàdì. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe wà nínú báàgì, bọ́tìnnì ló bá a gba òkè. Ó kí gbogbo wọn ẹ ṣeun, ó sì kẹ́gàn wọn nínú ikùn.

Nígbà tó parí kòtò àkọ́kọ́ ní ìlà-oòrùn, ó gé bọ́tìnnì idẹ mìíràn. Ó fẹ́ jù ú sílẹ̀, ló bá rántí àpérò. Ó fi í sínú ìgò kékeré kan, ó sì fi bébà kan sí i, tó kọ sí pé: "Bọ́tìnnì kóòtù ni èyí, sà. Kì í ṣe irun ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀gbọ́n," ni Eléegun wí, "ṣé ẹ rò pé Baba Ètùtù á kà á?"

"Kà kí ni? Àwòrán ìgò ló máa gbé lọ sí àpérò."