Ọ̀rọ̀ Tí Fáyẹ́misí Sọ Lẹ́ẹ̀mejì

Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò tán ni wọ́n gba tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ìkàwé náà, padà lọ́wọ́ Fáyẹ́misí. Tuntun ni, ọ̀rá kò tíì kúrò lójú rẹ̀. Kò tilẹ̀ tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án.

"Ti fọ́tò nìyẹn, Madame," ni Séraphin wí ní èdè Faransé. Òun ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti Kutọnu wá láti wá kọ́ àwọn olùkọ́ agbègbè Ifangni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bí wọn yóò ṣe máa fi ẹ̀rọ kọ́ ọmọ níwèé. "Tiyín ń bọ̀."

"Nígbà wo?"

"Láìpẹ́."

Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti jókòó sínú gbọ̀ngàn náà. Àwòrán ẹ̀rọ ni Séraphin ń fi hàn wọ́n lára ògiri, títí iná fi lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kò sí epo nínú rẹ̀. Ní Ifangni níbí, tí epo bẹntiróò tò sínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹ̀kọ ọ̀sán. Fáyẹ́misí gbé ìbínú rẹ̀ mì. Ó rántí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Lagbé, tí ó fi sílẹ̀ nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta ní í tẹjú mọ́ ìwé kan. Nígbà tí ó sọ fún wọn pé ẹ̀rọ kan ń bọ̀ tí yóò máa kàwé sí wọn létí, wọ́n bi í bóyá kí àwọn fọ ọwọ́ kí àwọn tó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni Séraphin mú ẹni tí ń ya fídíò wá síwájú rẹ̀.

"Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Yorùbá, Madame. Àwọn tí ó gbé owó iṣẹ́ yìí kalẹ̀ fẹ́ràn èdè ìbílẹ̀. Ẹ sọ pé àwọn ọmọ yín ń fi í kàwé, inú wọn sì dùn."

"Àwọn ọmọ mi kò tíì rí i sójú."

"Wọn yóò rí i. Ẹ ṣáà sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ti rí i. Voilà, ó parí."

Fáyẹ́misí dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí ẹ̀rọ, ó sì fi Yorùbá tí ó já gaara sọ̀rọ̀.

"Fáyẹ́misí lorúkọ mi, olùkọ́ ni mí ní Lagbé. Wọ́n fi ẹ̀rọ lé wa lọ́wọ́, wọ́n yà wá ní fọ́tò, wọ́n sì gbà á padà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọmọ Lagbé kan ti fi kàwé, irọ́ ló pa."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Chérifath, olùkọ́ kékeré tí ó ti Daagbé wá, fi ìborùn bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Séraphin, tí kò gbọ́ Yorùbá, náà rẹ́rìn-ín.

"Très bien, ó dára gan-an. Ẹ wò ó bí inú wọn ṣe dùn."

Ẹ̀rín náà dùn mọ́ Fáyẹ́misí. Àfi bí ó ṣe gbọ́ tí Séraphin ń sọ fún ẹni tí ń ya fídíò pé àwọn ti ní Faransé tí àwọn yóò kọ sábẹ́ rẹ̀: *Lójoojúmọ́ ni àwọn ọmọ mi ń fi ẹ̀rọ yìí kàwé.*

Ojú tirẹ̀, ètè tirẹ̀, irọ́ tiwọn.

"Ẹ tan fídíò yẹn padà," ni ó wí. "Mo fẹ́ sọ ọ́ ní Faransé."

"Kò pọndandan, Madame."

Kò dúró dè é. Ó sọ ọ́ ní Faransé lójú gbogbo wọn, láìgbé ohùn sókè, ó sì fi kún un pé kí wọ́n má ṣe lo ojú òun. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ń nu omijé ẹ̀rín lẹ́ẹ̀kan ti ń wo ilẹ̀.

Ojú Séraphin le. "Ẹ pa tirẹ̀ rẹ́," ni ó wí. "Ta ni yóò bá wa sọ ọ́?"

Chérifath dìde, ó sì sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n túká, mọ́tò Séraphin fọn eruku pupa sí Fáyẹ́misí lára. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ ti wọ mọ́tò lọ sí Kutọnu. Òtítọ́ ń dúró de ọlọ́kadà lẹ́bàá ọ̀nà.

Chérifath rọra wá dúró tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Séraphin yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún mi nígbà tí a ń jẹun, pé ilé-ìwé ẹni tí ó bá sọ ọ́ ni yóò kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ."

Èsì ti wà lẹ́nu Fáyẹ́misí, èyí tí yóò ta bí ata. Ó la ẹnu. Ìbéèrè kan sì dí i lọ́nà: bí ó bá jẹ́ òun ni Séraphin yọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ńkọ́?

Ó wá èsì ìbéèrè náà títí. Ọlọ́kadà dé, ó fọn fèrè, Fáyẹ́misí kò sì tíì rí i.