Àgbo Ojú Don Eligio

Don Eligio, ọ̀gá mi, lè jẹ́wọ́ pé òun jalè kó tó jẹ́wọ́ pé ojú òun ti ń di bàìbàì. Iṣẹ́ ọ́fíìsì wa ní Asunción, olú-ìlú Paraguay, ni ká ka ìwé ilẹ̀ sókè láti ojú kọ̀ǹpútà, fún ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá á na ọrùn síwájú, omi á máa dà lójú rẹ̀, á ní ooru ló fà á. Lọ́jọ́ kan ó ka oko olóko mọ́ oko oníbàárà wa, ó ku díẹ̀ kí wọ́n lu ara wọn. Ó ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á ti ọ́fíìsì pa. Ta ni yóò gba èmi Zunilda tí ẹnu mi kì í dákẹ́ síṣẹ́?

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ lẹ́tà yẹn di ńlá."

"Lọ sọ ọ́ di ńlá fún ìyá àgbà rẹ."

Mo bá lọ bá Ña Petrona, ìyá tó ń gún ewé tà lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò sẹ́ni tó ń mu tereré ládùúgbò yìí tí kì í fi ewé rẹ̀ sínú omi tútù náà: ewé inú rírun, ewé orí fífọ́. Mo ní kó sọ fún ọ̀gá pé ewé ojú ti dé.

"Ewé ojú wo?"

"Èyíkéyìí tí kò bá ti ní pa á, ìyá."

Láràárọ̀, bí ọ̀gá bá ti jáde lọ gba ewé, tí òun àti ìyá ń tàkúrọ̀sọ, èmi á ti wà nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ń mú kí lẹ́tà tóbi díẹ̀díẹ̀. Mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, mo fi àyè sáàárín ìlà, mo sọ funfun tó ń gún ojú yẹn di àwọ̀ bọ́tà. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi ń kàwé bí ẹni ń kọrin, tó sì ń polówó ewé kiri.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Don Wilfrido, lọ́yà òdìkejì títì, tí òun àti ọ̀gá ti ń bára wọn díje láti kékeré, já wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n.

"Eligio, òpùrọ́ ni ẹ́. Mo mu ewé yẹn títí, ìtọ̀ nìkan ló ń mú mi tọ̀."

Ọ̀gá fi àga tirẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà hàn án. "Jókòó síbí. Kà á."

Don Wilfrido kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò nu ojú lẹ́ẹ̀kan. Ó ní bóyá wọn ò gún ewé tòun dáadáa ni, ló bá lọ bá Ña Petrona jà.

Mo rò pé mo ti bọ́. Ọ̀gá bu tereré fún mi.

"Zunilda, tó bá dọ̀la, wá ọgbọ́n dé ìdí kọ̀ǹpútà ọkùnrin yẹn."

"Kí n lọ ṣe kí ni, ọ̀gá?"

"Ohun tí o ṣe sí tèmi. Ojú ló ń dùn mí, n kò ya òmùgọ̀." Ó gba ife lọ́wọ́ mi. "Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni kí o ṣe é o, bí o ṣe ṣe é fún mi. Jẹ́ kó máa rò pé ewé ni."