Àkọ̀ Ọlọ́wọ́-Òsì

"Ọ̀gá, èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́. Àga ló tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá wo sájẹ́ǹtì láti òkè délẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ewúrẹ́ ló kọ lẹ́tà. "Àga? Àga ló na ọwọ́ tẹ bọ́tìnì ìbọn rẹ?"

"Apá àga ni, Sà. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó nínú kóòtù, ó gbá mi ní ìbàdí, ó ṣe kòńgẹ́ bọ́tìnì, magasíìnì sì já bọ́."

Bó ṣe já bọ́ gan-an ló ń dun sájẹ́ǹtì obìnrin náà. Kóòtù dákẹ́ rọ́rọ́, adájọ́ tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ń ka ìdájọ́ lọ́wọ́, nígbà tí irin tó kún fún ọta yẹn balẹ̀ gbàgà lórí táìlì, tó sì yọ̀ lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì àwọn ará ilé ọ̀daràn. Odidi sájẹ́ǹtì, ìyá ọlọ́mọ, ló wá ń rá pálá láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ẹnìkan tiẹ̀ sún ẹsẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ má fà mí ní bàtà." Ni ẹ̀rín bá sọ.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbébọn, Sà, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Àkọ̀ tuntun yìí ni."

Awọ ni àkọ̀ ìbọn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó sì bo ìbọn dáadáa. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n wá pín oníke fún wọn. Ó fúyẹ́, ìbọn tètè ń yọ nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó ráhùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni sájẹ́ǹtì fi ń yìnbọn. Bọ́tìnì tó ń tú magasíìnì sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ìbọn ló wà. Ẹni tó bá gbé ìbọn sí ìbàdí ọ̀tún, ara rẹ̀ ni bọ́tìnì kọjú sí, ike ẹ̀yìn àkọ̀ sì bò ó. Ẹni tó bá gbé e sí ìbàdí òsì, ìta ló kọjú sí. Àwọn tó ṣe àkọ̀ kàn yí ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún padà bí ẹni yí aṣọ sódì ni. Wọn ò rántí pé bọ́tìnì ò ní bá wọn yí. Ibi tí wọ́n gé kúrú lára ike náà ló bọ́ sí gẹ́lẹ́, ó yọ síta gọngọ bí ìdodo ọmọ ọwọ́. Apá àga ni o, etí ilẹ̀kùn ni o, bẹ́líìtì ọkọ̀ ni o, ohun tó bá ṣáà ti gbá a, ó parí.

"Gbogbo àwọn tó kù ń lò ó," ni ọ̀gá wí.

"Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n, Sà."

"Kí ìwọ náà máa fi ọ̀tún yìn ín nígbà náà."

Tíṣà tó kọ́kọ́ kọ́ sájẹ́ǹtì níwèé ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un, tòun ti pàṣán. Níbi iṣẹ́, Ọlọ́wọ́-Òsì ni wọ́n ń pè é, àwọn aláwàdà ibẹ̀ a sì máa yí òsì yẹn lẹ́nu títí á fi di òṣì. Òun náà a máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kan náà ló fi ń gbá àárín pátákó níbi ìdánrawò, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún ń yìn tiwọn mọ́ ògiri.

"Ẹ ṣáà dá àkọ̀ àtijọ́ mi padà fún mi, Sà."

"Wọ́n ti kó wọn dànù. Lọ máa ṣọ́ra." Ọ̀gá ti ń wo fóònù rẹ̀. "Tó bá tún já bọ́, ọ̀rọ̀ ẹ á dé òkè. Má sọ pé mi ò sọ o."

Nígbà tó délé, ó fi àkọ̀ náà han ọkọ rẹ̀, tó ń fi awọ bo àga fún àwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé. Ọkùnrin náà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Kékeré nìyí. Kí n gé awọ líle, kí n kàn án yí bọ́tìnì yẹn ká. Kó o tó fọ abọ́ tán, mo ti parí ẹ̀."

"Wọn ò gbà. Bí mo bá fọwọ́ kan ohun ìjọba báyìí, wọ́n á ní mo bà á jẹ́ ni."

"Kí ni wọ́n wá ní kó o ṣe?"

"Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ra."

"Fún kí ni? Fún àga?" Ó sọ òòlù sílẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ mi, ṣé kí n kàn jókòó síbí títí wọ́n á fi gbé ọ wálé fún mi ni? Nítorí bọ́tìnì?"

"Má pariwo. Àwọn ọmọ ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́!"

Sájẹ́ǹtì já àkọ̀ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé. Inú ń bí i sí ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kò sírọ́ nínú ohun tó sọ.

Láti ìgbà náà ló ti ń fọwọ́ bo ìbàdí rìn bí ẹni tí eegun ń dùn. Dírẹ́bà adájọ́, bàbá àgbàlagbà kan, tiẹ̀ bi í bóyá kí òun bá a wá òróró ìpara. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, tó fẹ́ gba fáìlì, tó tún fẹ́ lé èrò sẹ́yìn, ọwọ́ mélòó ló ní?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń jáde ní géètì kóòtù, ọkùnrin kan sáré yọ láti ẹ̀yìn òpó, ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó dojú kọ fèrèsé adájọ́. Sájẹ́ǹtì tú bẹ́líìtì ọkọ̀, ó fò sílẹ̀. Irin bẹ́líìtì náà há mọ́ ọn ní ìbàdí kó tó bọ́.

"Dúró níbẹ̀! Yọ ọwọ́ ẹ, rọra!"

Ó fa ìbọn yọ. Ìbọn ò tíì gòkè tán tí magasíìnì fi balẹ̀, tó ta pàtì wọ abẹ́ táyà.

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ó wo ìbọn. Ó rọra yọ ọwọ́, ike kékeré tí àwọn oníkọ́ fée máa ń fín sẹ́nu ló mú dání.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Wọ́n tì í mọ́lé, wọn ò sì jẹ́ kí n fún un. Ẹ jọ̀ọ́, adájọ́ ni mo fẹ́ bẹ̀." Ó tún wolẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ ò tiẹ̀ ní ọta nínú. Kí lẹ wá ń na òfìfo sí mi fún?"

Ó sì gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

Sájẹ́ǹtì yára dorí ìbọn kodò. Ọkùnrin yìí ò mọ̀ pé ọ̀kan ṣì kù lẹ́nu ìbọn. Èèyàn tó bá rí i tí magasíìnì já bọ́ á rò pé ìbọn ti di igi lásán, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan yẹn tó pa á, ìka òun sì ti wà níbẹ̀.

Adájọ́ sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, ó gba ike náà, ó bi ọkùnrin náà ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ó máa dé ọwọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Sájẹ́ǹtì mú magasíìnì lábẹ́ táyà. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, adájọ́ ní, "Kí ló já bọ́ yẹn?"

Sájẹ́ǹtì ṣàlàyé, látorí ike dórí bọ́tìnì.

"Kí ni ọ̀gá ẹ wí?"

"Wọ́n ní kí n ṣọ́ra, Mà."

Wọ́n gbé adájọ́ délé.

Láti ibẹ̀ ni sájẹ́ǹtì ti gba ọ́fíìsì lọ. Fídíò ohun tó ṣẹlẹ̀ ní géètì, tí àwọn èrò fi fóònù yà, ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọ̀gá na fóònù sí i lójú. "Wo ara ẹ! Wo ìtìjú tó o kó bá wa!"

Sájẹ́ǹtì yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tú ìgbànú, ó to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì.

"Kí nìyí? O kọ iṣẹ́?"

"Iṣẹ́ kọ́ ni mo kọ̀, Sà. Àkọ̀ ni mo kọ̀."

"O mọ ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Sà. Díẹ̀ ló kù kí n pa èèyàn lónìí nítorí pé ó rò pé mi ò lè pa á. Mi ò gbé e jáde mọ́."

Ó kí i bó ti yẹ, ó jáde.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó múra, ó lọ sílé adájọ́ ní òun nìkan. Wọ́n ti tan ọkọ̀ sílẹ̀. Adájọ́ jáde, ó wo ìbàdí rẹ̀.

"Ìbọn ńkọ́?"

"Ó wà lórí tábìlì ọ̀gá mi, Mà. Mo ní kí n fẹnu ara mi sọ fún yín ni. Wọ́n máa rán ẹlòmíì sí yín."

Adájọ́ gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà.

"Ẹ pa ọkọ̀ yẹn."

"Mà?" ni dírẹ́bà wí. "Àkókò ti ń lọ o."

"Ẹ pa á, Bàbá. Mi ò lọ kóòtù lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n jókòó gbọ́ ẹjọ́, kó kọ́kọ́ fún obìnrin yìí ní ohun tó lè fi ṣọ́ mi."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sún, ó fi àyè sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì wo àyè náà, ó wo dírẹ́bà, ó sì jókòó.

Kò pẹ́ tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú báàgì. Dírẹ́bà yọ orí ní fèrèsé ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa dún," ni adájọ́ wí.