Máníjà Ọkọ̀ Òfurufú Lóko Àna

“Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo Ìbàdàn, ọkọ̀ òfurufú mẹ́tàdínlógún ni mo nawọ́ mú lókè bí ẹni ń ká ọsàn, mo sì tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òsì ni mo fi mú wọn o, mò ń fi ọ̀tún jẹ àkàrà!”

Ọ̀ṣẹ́nì ọmọ Ìkòrò, tó ní òun ni máníjà pápá ọkọ̀ òfurufú n'Íbàdàn, ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ lóko baba Simiat l'Ẹ́rìjìyàn. Ọ̀wẹ̀ àna ló bá wá: igba ebè. Bí kò bá kọ ọ́ tán kí wọ́n tó kírun Àìlà ọ̀sán, Simiat di ìyàwó Rasheed aláṣọ ní Àrámọkọ, ọkùnrin tí kò rẹ́rìn-ín rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọ̀ṣẹ́nì kò mú ọ̀rẹ́ kankan wá, ebè kẹta ló sì wà.

“Máníjà, ọkọ́ ń dúró dè ọ́,” ni Simiat wí. Irọ́ Ọ̀ṣẹ́nì dùn mọ́ ọn ju oyin lọ, ṣùgbọ́n ó ń wo oòrùn bó ṣe ń gòkè.

“Ìjọba ló dá mi dúró. Wọ́n ní kí pápá ọkọ̀ òfurufú máa bọ́ ara rẹ̀. Pápá lẹ́nu ni? Àwa tá à ń tọ́jú rẹ̀ nínú oòrùn, wọn ò bi wá. Àwọn tó jókòó sábẹ́ fáànù ló ń ṣòfin. Wọ́n tún wá ní ibi tí ọkọ̀ òfurufú bá ń gbà kọjá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ebè. Ọ̀pá iṣu lè gún un níkùn!”

“Ìjọba ọ̀hún ò jẹ uṣu mọ́ ni?” ni Baba bi í.

“Baba, ẹ̀wọ̀n ni mò ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.”

Simiat fi ìborùn bo ẹnu, kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Àfi gbùùù lápá òkè Ẹ̀fọ̀n! Ọkọ̀ òfurufú gidi ló ń bọ̀, ó fò wálẹ̀ débi pé ewé kòkó ń gbọ̀n.

“Máníjà, ó yá!” ni Baba kígbe. “Nawọ́ mú un!”

Ọ̀ṣẹ́nì sọ ọkọ́ nù. Kò tilẹ̀ wòkè. Ó já ẹ̀ka igi, ó forí lé ewúrẹ́ Baba méjèèjì lẹ́bàá ahéré: “Hẹ́ẹ̀! Ẹ kúrò lọ́nà ọkọ̀! Hẹ́ẹ̀!” Ó lé wọn yí oko po. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá, ó dúró ṣánṣán, ó kí òfurufú bí ọlọ́pàá: “Ọ̀nà ti mọ́, sà!”



“Ọ̀ṣẹ́nì,” ni Baba wí jẹ́jẹ́, “ewúrẹ́ lò ń lé ní pápá n'Íbàdàn.”

Ẹ̀rín gbé Simiat jókòó sórí ebè. Ó nawọ́ mú ọkọ́. “Padà wá jàre! Màá bá ọ kọ èyí tó kù!”

Ọ̀ṣẹ́nì kò gbọ́. Ó ti wọ inú igbó kòkó, àwọn ewúrẹ́ ló sì ń sáré tẹ̀lé e.