Orúkọ Tó Ṣì Pupa

Bee Suan máa ń rí orúkọ ara rẹ̀ lórí òkúta ibojì, kì í sì í bà á lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ ní erékùṣù Penang, wọ́n gbẹ́ orúkọ tirẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ. Wọ́n fi ọ̀dà wúrà kun ti ọkọ, nítorí ó ti lọ. Wọ́n fi pupa kun ti ìyàwó, nítorí ó ṣì ń mí. Ọjọ́ tí òun náà bá lọ, ẹbí á wá sọ pupa di wúrà. Kò sí ìṣòro níbẹ̀, àfi bí ẹbí ò bá sí.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn. Kò bímọ. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ti kú. Àwọn aládùúgbò á bi í bóyá ó ti jẹun, wọ́n á sì kọjá lọ kó tó dáhùn. Ẹni ọmọ sin ló bímọ: a kì í sọ ọ́ lójú ẹni tí kò rí bí, ṣùgbọ́n Bee Suan ló ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀, nídìí oúnjẹ tó ń dá jẹ. Ta ni yóò kun orúkọ mi?

Ó wá rántí Teng Kiat, bàbá bàbá rẹ̀, tó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ṣáínà wá sí Penang láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ru ẹrù ní èbúté títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, tó sì fẹ́yàwó síbẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ilé fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí alààyè bá dákẹ́, ibojì kì í dákẹ́ lọ́dọ̀ wọn: orúkọ abúlé ẹni ni wọ́n ń gbẹ́ sókè orúkọ ẹni. Ti Teng Kiat, Sio-khe ni. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí òun ò bá lè padà, ọmọ ọmọ rẹ̀ á lọ. Bee Suan di ẹrù, ó lọ sí Sio-khe láti wá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ilé tó wà ní títì níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ṣí lọ. Bàbá arúgbó kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó kókò.

“Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n. Mò ń wá ilé Chuah Teng Kiat.”

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà. “Ṣé òun ló rán yín?”

“Bàbá bàbá mi ni. Wọn ò tíì bí mi nígbà tó kú.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n nu ọwọ́ ná! Wo ohùn yín, bíi ti ìyá mi àgbà! Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kó èdè àtijọ́ wa lọ, ẹ ò sì dá a padà.”

Inú Bee Suan dùn bíi ti ọmọdé. Bàbá náà, Boo Thiam lorúkọ rẹ̀, gbé agolo ọ̀dà méjì sínú apẹ̀rẹ̀, ó mú un lọ sídìí ibojì kan lẹ́yìn ilé. Orúkọ obìnrin wà níbẹ̀ ní wúrà. Orúkọ Teng Kiat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pupa fòò.

“Ìyàwó tó fi sílẹ̀ nìyí. Ó ní kẹ́nikẹ́ni má sọ pupa yẹn di wúrà, àfi bí ẹ̀jẹ̀ Teng Kiat bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti kú. Ọdọọdún ni mò ń tún un kun.”

“Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé lọ́gọ́rùn-ún! Ẹ ò mọ̀ pé ó ti kú ni?”

“Ta ni ò mọ̀? Mímọ̀ yàtọ̀ sí kí wọ́n wá sọ fúnni.”

“Ẹ̀yin náà kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni?”

“Ìyá tó sùn síbí yìí gba bàbá mi tọ́ ni, kí ilé má bàa parẹ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ Teng Kiat lára mi rárá. Ìwọ lo ni ín, àbúrò mi.”

Bee Suan fọwọ́ kan orúkọ pupa náà. Ó la òkun kọjá láti wá ẹ̀jẹ̀, àṣé òun ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń retí. “Àwọn ọmọ yín ńkọ́?”

“Ìyàwó mi kú. A ò bí.” Ó ṣí agolo kejì. “Ọdọọdún ni mò ń ra wúrà yìí dání, bóyá ẹnì kan á wá. Ọdọọdún ló ń gbẹ. Gbà.”

Bee Suan fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Teng Kiat ti kú, ó sì ń fi wúrà kùn ún. Ó sunkún ọkùnrin tí kò rí rí. Nígbà tí pupa tán, Boo Thiam fara ti òkúta náà.

“Ó ti kú báyìí. Ta ni n ó tún máa retí?”

“Ẹ̀gbọ́n, tèmi pupa ní Penang. Ẹni tó máa kùn ún ni mo wá wá.”

“Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró, ká má tíì sọ ti òkun.” Ó ti agolo pupa sí i lọ́wọ́. “Gbọ́. Bí mo bá kú, kò sẹ́ni tó máa wá sọ fún ọ. Bí ìwọ náà bá kú, kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi. Nítorí náà, pupa ni wá, èmi àti ìwọ. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn ọ́.”

Nígbà tí ọjọ́ ìgbálẹ̀ ibojì, tí ẹbí ń tún ibojì òkú wọn ṣe lọ́dọọdún, tún pé ní Penang, Bee Suan kúnlẹ̀ sídìí ibojì ọkọ rẹ̀, ó fi ọ̀dà Boo Thiam tún orúkọ ara rẹ̀ kun. Àwọn tó kó ọmọ wá ń wò ó. Ọ̀dà ṣẹ́ kù díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkúta náà, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ àti ẹbí olóògbé sí, ti ṣófo láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó fi ìyókù ọ̀dà náà kọ Boo Thiam síbẹ̀, ní pupa.